Ọjọ́ tí àlejò dé àti ọjọ́ tó ń lọ: ibẹ̀ ni ìjà owó àsanpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀

Tó bá ti ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún Kérésì pé, ojú ọ̀nà tó gba Òkìtìpupa àti Ìrèlè wọ Akotogbo kì í dá mọ́. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà l'Ékòó ń bọ̀, èyí tó wà l'Ábùjá ń bọ̀, èyí tó wà ní Lọndọn àti Amẹ́ríkà náà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó ní ìnáwó òkú àgbà nílẹ̀, àsìkò yẹn náà ló máa ń fẹ́ fi í sí, nítorí pé gbogbo mọ̀lẹ́bí ló wà nílé. Àwọn tí ilé bàbá wọn kò gbà wọ́n mọ́, àti àwọn tí ọmọ wọn kò lè sùn níbi tí kò ti sí fáànù, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá ní yàrá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tó ní ilé ìdáná àti jẹnẹrétọ̀ kan nílẹ̀ Ìkálẹ̀, àsìkò yẹn ló yẹ kó rí owó tó máa fi gbé ọdún tó kù.

Irú àwọn àlejò báyìí kì í fẹ́ ìṣirò púpọ̀. Wọn ò fẹ́ sanwó yàrá lọ́tọ̀, kí wọ́n sanwó oúnjẹ lọ́tọ̀, kí ọmọọṣẹ́ tún máa mú ìwé kékeré tẹ̀ lé wọn nítorí omi inú ọ̀rá àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọ mu. Owó kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kí gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Àwọn òyìnbó ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní "all-inclusive". Owó àsanpọ̀ ni ká pè é níhìn-ín. Ó dùn mọ́ àlejò, ó dùn mọ́ onílé ìtura náà, torí pé owó ńlá ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì wà nínú ètò yìí tó máa ń ba ohun tó dùn jẹ́: ọjọ́ tí àlejò dé àti ọjọ́ tó ń lọ. Àwọn ọjọ́ tó wà láàrin kì í ní wàhálà. Àlejò jí, ó jẹun àárọ̀, ó jáde lọ kí àwọn èèyàn, ó padà wá jẹ tọ̀sán, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn ni ohùn ti máa ń ròkè nídìí káńtà.

Ìdí rẹ̀ ni pé àlejò ń ka ọjọ́, onílé ìtura sì ń ka òru. Ká ní ẹbí kan tí wọ́n jẹ́ èèyàn mẹ́wàá sanwó àsanpọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Àìkú, nítorí òkú ìyá wọn tí wọ́n fẹ́ sin. Ní ọkàn tiwọn, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n sanwó fún, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Àìkú. Oúnjẹ mẹ́ta lójúmọ́, ìgbà mẹ́rin, àwo méjìlá ni fún ẹnì kan. Onílé ìtura ní tiẹ̀ ń wo òru mẹ́ta. Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n jẹ oúnjẹ alẹ́ kan. Wọ́n jẹ mẹ́ta ní Ọjọ́ Ẹtì, mẹ́ta ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sì jẹ oúnjẹ àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó kó ẹrù wọn jáde ní agogo méjìlá ọ̀sán. Àwo mẹ́jọ nìyẹn. Àwo mẹ́rin ló wà láàrin àwọn méjèèjì lórí èèyàn kan, ogójì àwo lórí èèyàn mẹ́wàá. Bí àwo kan bá jẹ́ 3,000 náírà, 120,000 náírà ni ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ jáde lọ́jọ́ tí wọ́n ń dúnàádúrà. Bí onílé ìtura bá fi ojú àánú gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, èrè rẹ̀ ti lọ. Bó bá kọ̀, àlejò á pè é ní olè níwájú àna rẹ̀.

Ètò àsanpọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Lọ́dún 1950, ọmọ ilẹ̀ Belgium kan tó ń jẹ́ Gérard Blitz pa àgọ́ sí etí òkun ní Alcúdia, ní erékùṣù Mallorca tó jẹ́ ti ilẹ̀ Spain, ó sì ní kí àwọn tó fẹ́ wá sinmi san owó kan ṣoṣo fún ibùsùn, oúnjẹ àti eré. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Club Med ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni pé, nígbà tó yá, ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn àlejò wọn ń fi ra ọtí, wọ́n á so ó mọ́ ọrùn, wọ́n á máa yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nídìí ọtí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa kó owó kiri nínú ṣòkòtò ìwẹ̀. Onílẹ̀ Yorùbá tó bá kọjá níbẹ̀ á rò pé àwọn olóyè ló ń ṣèpàdé. Lọ́dún 1981, Gordon Stewart tí wọ́n ń pè ní "Butch" ṣí òtẹ́ẹ̀lì Sandals àkọ́kọ́ ní Montego Bay, ní ilẹ̀ Jàmáíkà, láti ìgbà náà ni ètò yìí ti gbalẹ̀ ní àwọn erékùṣù Caribbean. Báńdì tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ló gba ipò ìlẹ̀kẹ̀.

Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá yẹn ti jà ìjà ọjọ́ dídé àti ọjọ́ lílọ tipẹ́, wọ́n sì ti rí ibi tí wọ́n fi í sí. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, yàrá kì í ṣí títí di agogo méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán, nítorí pé ẹni tó sùn síbẹ̀ lánàá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, wọ́n sì ní láti fọ ilẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Àlejò tó bá dé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ kò ní rí kọ́kọ́rọ́ gbà, àmọ́ wọ́n á bá a tọ́jú ẹrù rẹ̀, wọ́n á fún un ní báńdì, á sì lè jẹun ọ̀sán. Ẹni tí bàálù rẹ̀ pẹ́ tó jẹ́ òru ló dé, wọ́n á bá a gbé oúnjẹ tútù kan sí yàrá. Ní ọjọ́ tó ń lọ, agogo mọ́kànlá tàbí méjìlá ni yàrá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan á gé báńdì náà ní wákàtí yẹn gan-an, ẹni tó bá tún fẹ́ jẹun á sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn á jẹ́ kó máa jẹ kó máa mu títí ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú fi máa dé. Èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àlejò sì ti kà á kó tó sanwó.

Akotogbo kì í ṣe Jàmáíkà, èyí ni ohun tí ẹni tó bá ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré máa kọ́kọ́ sọ. Òótọ́ ni. Bàálù kì í já àlejò sí Akotogbo. Àlejò tó ń bọ̀ láti Èkó á gba Ṣàgámù, á gba Ìjẹ̀bú-Òde, á dé Orè, á wá yà sí ọ̀nà Òkìtìpupa kó tó forí lé Ìrèlè. Tírélà kan ṣoṣo tó bá ṣubú sójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin ti tó láti sọ ẹni tó yẹ kó dé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ di ẹni tó dé ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Ebi á ti pa àwọn ọmọ, ìyá wọn á ti rẹ̀, bàbá á ti bá ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ṣe àlàyé títí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá dé ẹnu géètì, tí ọmọọṣẹ́ sọ fún un pé àwọn ti pa iná ìdáná, pé oúnjẹ alẹ́ ti kọjá, kò sí ẹ̀rín àárọ̀ ọjọ́ kejì tó lè tún un ṣe.

Ẹ̀bi òtẹ́ẹ̀lì ni ti oúnjẹ yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa wí àwíjàre nípa rẹ̀. Owó oúnjẹ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti wọlé. Àlejò kò jẹ ẹ́ ní agogo méje kò sọ ọ́ di ti onílé ìtura. Ìrẹsì àti ẹran nínú kúlà kò le láti tọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni mọ́ínmọ́ín tó wà nínú ewé. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó ti pẹ́ nílé àjò gan-an, púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó ló ti ń rò bọ̀ láti Orè, marúgbó sì rọrùn láti tún gbé kaná fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn òṣìṣẹ́ máa sùn sí ibi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ àlejò, owó iṣẹ́ alẹ́ kan nìyẹn, kò tó ohun tó ń ba orúkọ jẹ́.

Iná mànàmáná tún ni òmíràn, ó sì jẹ́ ohun tí àwọn ará Jàmáíkà yẹn kì í bá àlejò sọ rárá. Láti nǹkan bí ọdún 2014 ni ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí Òkìtìpupa àti Ìrèlè wà lára wọn, ti wọ òkùnkùn, tí wọ́n sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná ìjọba lò. Ẹni tó ń ṣòwò níbẹ̀ mọ jẹnẹrétọ̀ bí ẹní mọ ọmọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti Lọndọn bọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bó bá dé ní agogo méjì ọ̀sán, tó wọ yàrá, tó tẹ ẹ̀rọ amúlétutù tí kò dáhùn, tí wọ́n wá sọ fún un pé agogo méje alẹ́ ni àwọn ń tan jẹnẹrétọ̀, inú rẹ̀ á bàjẹ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè wí. Bí wọ́n bá sọ fún un kó tó kúrò nílé, á mú fáànù kékeré alágbèéká rẹ̀ dání, tàbí kó kúkú ṣètò láti dé lálẹ́. Ohun kan náà ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n sọ ọ́.

Wákàtí jẹnẹrétọ̀ yìí náà ló yẹ kó jẹ́ kí onílé ìtura ṣọ́ra pẹ̀lú iye tó ń pè. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, epo tí wọ́n ń ta lábẹ́ 200 náírà ti kọjá 500 náírà lójú ilé epo. Ẹni tó bá ti gba owó àsanpọ̀ pé lóṣù kẹrin nítorí ìnáwó oṣù kẹfà ọdún yẹn, tí kò sì bá oníbàárà sọ ohunkóhun nípa epo, òun ló fi àpò ara rẹ̀ tan iná fún wọn. Yorùbá sọ pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Àwọn tó sọ ọ́ kò tíì rí jẹnẹrétọ̀ nígbà náà. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí wákàtí iná wà nínú àdéhùn: bíi wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ nínú owó àsanpọ̀, ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ á da epo sí i. Kì í ṣe ìwà ahun rárá. Àlejò tó mọ iye tó ń sun ní wákàtí kan kì í bínú.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú ètò yìí kò sí láàrin àlejò àti onílé ìtura nìkan, ó kan ìyá tó ń ta púpurú lẹ́yìn ọgbà, ó kan ọlọ́kadà, ó kan ẹni tó ń ta epo pupa ní kẹ́ẹ̀gì. Ìlú kan nílẹ̀ adúláwọ̀ ti jà á rí, ìtàn rẹ̀ sì yẹ kí gbogbo oníṣòwò kékeré nílẹ̀ Ìkálẹ̀ gbọ́. Ilẹ̀ Gambia ni. Láàrin ọdún 1965 sí 1966 ni ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Bertil Harding, kó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún àlejò àkọ́kọ́ lọ síbẹ̀ láti lọ yáàrùn létí òkun. Àlejò wá pọ̀ débi pé iṣẹ́ gbígba àlejò di ọ̀kan nínú ohun tí orílẹ̀-èdè kékeré náà ń jẹ. Nígbà tí owó àsanpọ̀ wá gbilẹ̀ níbẹ̀, àlejò kì í jáde nínú ọgbà mọ́. Kí ló fẹ́ jáde wá rà, nígbà tó jẹ́ pé ó ti sanwó oúnjẹ àti ọtí ní ìlú rẹ̀? Àwọn ilé oúnjẹ etí ọ̀nà, àwọn awakọ̀ takisí àti àwọn tó ń fún omi ọsàn létí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Lọ́dún 1999, ìjọba Gambia fòfin de owó àsanpọ̀ pátápátá.

Òfin náà kò pẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó àlejò láti Yúróòpù fárígá, àwọn onílé ìtura náà sunkún pé àlejò ń gba ibòmíràn lọ, nígbà tó fi máa di ọdún 2000, ìjọba ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ nínú ìtàn yìí á sọ pé oníṣòwò kékeré ló pàdánù. Àmọ́ lọ́dún 2000 yẹn kan náà ni àwọn oníṣòwò kéékèèké inú iṣẹ́ àlejò ní Gambia kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ASSET. Àwọn tó ń ta èso àti àwọn tó ń fún omi ọsàn jókòó pẹ̀lú àwọn onílé ìtura. Wọ́n gbà láti wọ aṣọ kan náà, kí wọ́n ní káàdì ìdánimọ̀, kí wọ́n má ṣe máa fà mọ́ àlejò lọ́wọ́, kí wọ́n ní ibùdó kan pàtó tó mọ́ tónítóní. Àwọn onílé ìtura náà dẹ́kun sísọ fún àlejò pé ìta léwu. Owó tó ń wọlé fún àwọn tó ń fún omi ọsàn lé ní ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀. Òfin ìjọba kọ́ ló ṣe é, àdéhùn láàrin aládùúgbò ni.

Kí ni ọjọ́ dídé àti ọjọ́ lílọ wá já mọ́ nínú èyí? Ọjọ́ méjì yẹn gan-an ni àlejò àsanpọ̀ wà lẹ́yìn géètì. Lọ́jọ́ tó dé, kò tíì gba báńdì. Lọ́jọ́ tó ń lọ, wọ́n ti gé e. Ní àárín rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ló ni ín, ṣùgbọ́n ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ìlú ló ni ín. Onílé ìtura tó bá ní làákàyè kò ní bá ìlú du wákàtí yẹn. Àlejò tó dé ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ tí yàrá rẹ̀ kò sì tíì ṣetán, dípò kó jókòó sórí àga ṣíṣù kó máa wo aago pẹ̀lú ojú kíkorò, kí wọ́n gba ẹrù rẹ̀, kí wọ́n júwe ilé olóúnjẹ kan tí wọ́n fọkàn tán fún un, kí wọ́n pe ọlọ́kadà tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ tó bá fẹ́ lọ kí ẹnì kan. Ó sàn kí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ dídé má wà nínú owó àsanpọ̀ rárá, kí iye owó náà sì fi ìyẹn wálẹ̀. Ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì á simi fún àwọn tó ń lọ, olóúnjẹ ìta á rí tiẹ̀ jẹ.

Ọjọ́ lílọ tilẹ̀ dùn ju ti dídé lọ fún ọjà. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń ti ilé bọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣófo. Ẹni tó lọ sí Akotogbo tó padà sí Èkó láìgbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan dání, kí ló fẹ́ sọ fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀? Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ ilé-iṣẹ́ epo pupa Òkìtìpupa tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1976. Bí àlejò bá ń kó ẹrù jáde ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ó yẹ kó bá obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábẹ́ igi níwájú géètì, tí wọ́n ti di púpurú sínú ọ̀rá, tí wọ́n ti fi ìdérí tó dára dé kẹ́ẹ̀gì epo kó má baà da sínú búùtù ọkọ̀, tí gààrí àti ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, tí iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sì hàn kedere. Àwọn onílé ìtura kan máa ń lé irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, wọ́n ní wọ́n ń dọ̀tí ojúlé. Ojúlé tó dọ̀tí ṣe é gbá. Àlejò tó ra epo tó dára níwájú òtẹ́ẹ̀lì, orúkọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló máa dá tó bá ń sọ ibi tó ti rà á.

Kò tán síbẹ̀. Ìjà tó burú jù lọ́jọ́ lílọ ni ti owó tó ṣẹ́ kù. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, kì í sábà jẹ́ àlejò fúnra rẹ̀ ló ń sanwó. Ẹnì kan nínú ẹbí ló máa ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo wọn, òun ló máa ń bá onílé ìtura dúnàádúrà, òun ló máa san ìdajì tó máa ní ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn ìnáwó. Ìnáwó á parí, ìyókù kò ní dé, tàbí kí ẹ̀rọ POS máa yí bírí láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Onílé ìtura á wá tì géètì mọ́ àwọn àlejò tí wọ́n ti san tiwọn pé fún ẹni tó kó wọn wá.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí gbogbo èèyàn ti ń gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ Thomas Cook ti fẹ́ wó, àwọn àlejò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Hammamet, ní ilẹ̀ Tunisia, sọ fún àwọn oníròyìn pé wọ́n ti géètì mọ́ àwọn lọ́jọ́ tí àwọn fẹ́ lọ, wọ́n ní káwọn tún sanwó tí Thomas Cook jẹ òtẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n ti sanwó àsanpọ̀ wọn nílé. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Thomas Cook wó lóòótọ́, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ní láti kó nǹkan bí 150,000 èèyàn padà sílé. Gambia wà lára àwọn ibi tó fara gbá a jù, nítorí pé ilé-iṣẹ́ yẹn ló ń kó púpọ̀ nínú àlejò wọn wá. Onílé ìtura tó ń bínú ní Hammamet kò purọ́ pé òun ní gbèsè lóde. Ṣùgbọ́n ẹni tó tì géètì mọ́ kọ́ ló jẹ ẹ́.

Fún òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá mẹ́wàá, ohun tó ń dènà irú èyí kò ju pé kí ìyókù owó wọlé kí kọ́kọ́rọ́ tó jáde. Ìdajì nígbà tí wọ́n ń gba yàrá sílẹ̀, ìyókù ní ọjọ́ mẹ́ta kí àlejò tó dé, nípasẹ̀ báńkì. Ẹni tó sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni, pé kò ní sá lọ, ẹ̀gbọ́n ni lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń ta dísù kì í gba ẹ̀gbọ́n bíi owó. Ẹni tí kò bá lè bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì yẹ kó máa ta àsanpọ̀, kó máa gba owó yàrá lójoojúmọ́ bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ó sàn fún un.

Òfin náà kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, sọ pé ọlọ́jà gbọ́dọ̀ fi iye owó ọjà tàbí iṣẹ́ rẹ̀ hàn fún oníbàárà, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Òfin kan náà fún oníbàárà láṣẹ láti fagi lé yàrá tó gbà sílẹ̀, ó sì fún ọlọ́jà láṣẹ láti yọ owó tó bá bójú mu nínú rẹ̀. Onílé ìtura tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, tó wá ń bu owó lé àlejò lórí ní agogo kan ọ̀sán nítorí pé kò tètè jáde, kò ní ẹsẹ̀ tó máa dúró lé bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹjọ́. Bó bá ti kọ ọ́ sára ògiri yàrá pé agogo méjìlá ni ìgbà jíjáde, pé wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ iye báyìí, àlejò fúnra rẹ̀ á máa yára.

Àwọn kan máa ń sọ pé èèyàn wa kì í ka ìwé, pé bébà lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó lè tẹ́tí sí ohùn ìṣẹ́jú méje lórí WhatsApp, á lè ka ìlà mẹ́fà: wákàtí tí yàrá máa ṣí, oúnjẹ tí wọ́n á kọ́kọ́ jẹ, wákàtí tí iná máa wà, oúnjẹ tí wọ́n á jẹ kẹ́yìn, wákàtí tí yàrá á bọ́ lọ́wọ́ wọn, àti ibi tí ẹrù wọn máa wà títí ọkọ̀ á fi dé. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí owó àkọ́kọ́ wọlé, kí wọ́n tún fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí àlejò ń bọ̀. Bí àlejò bá ní òun fẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi owó rẹ̀ kún un, kò ní dìjà.

Ẹni tó fẹ́ kúrò ní agogo márùn-ún ìdájí kó lè bọ́ lọ́wọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ ti wà nínú owó tó san. Kí wọ́n ti di búrẹ́dì àti ẹyin síni lọ́wọ́ láti alẹ́, kí wọ́n fi omi kún un. Ní agogo mẹ́jọ tí ó bá wà ní ìdúró nínú ọkọ̀ lẹ́bàá Orè, tó ṣí ọ̀rá náà, ibẹ̀ ló ti máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lóṣù kẹrin. Nígbà yẹn, ní Akotogbo, wọ́n á ti máa fọ ilẹ̀ yàrá rẹ̀, nítorí pé àwọn mìíràn ń bọ̀ ní agogo méjì.